Àrá, Ẹ̀dọ̀ àti Akínkanjú

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje oṣù kẹfà

Ọmọ mi gbé ajá wá bá mi. Kò kúkú béèrè. Ó pè láàárọ̀ pé òun àti Ọkọ Ìyàwó ń bọ̀ wá kí mi — kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tí wọ́n ṣègbéyàwó, mi ò tíì lè pe ọmọkùnrin náà ní nǹkan mìíràn — inú mi dùn, mo pààrọ̀ aṣọ orí àga. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, ajá ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ajá ńlá, aláwọ̀ eérú, etí kan dúró, èkejì sùn. Akínkanjú lorúkọ tí ọmọ mi sọ ọ́. Akínkanjú! Ajá tó jẹ́ pé bí àrá bá ti sán, á fẹ́ gba inú ògiri jáde. Lóṣù tó kọjá ó fi eyín gé ilẹ̀kùn yàrá wọn já, ó sì hu títí onílé fi gòkè wá. Onílé ti sọ tirẹ̀ tán: kí ajá náà jáwọ́ tàbí kó kúrò.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Sátidé ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje ni wọ́n máa padà wá. Bí kò bá bẹ̀rù àrá mọ́ nígbà yẹn, wọn á mú un lọ sílé. Bó bá ṣì ń bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n Ọkọ Ìyàwó tó ń sin adìẹ lóko ti ní òun á gbà á, kó máa ṣọ́ adìẹ lórí ẹ̀wọ̀n, tọ̀sán-tòru, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn. Ọmọ mi ń sọ èyí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

Mo ní kí ló kàn mí. Mo ní aránṣọ ni mí, mo ní mi ò fẹ́ràn ajá. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin náà kúkú wà nílé." Bí ẹni pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé ò níṣẹ́ lọ́wọ́.

Mi ò ní máa pariwo Akínkanjú kiri nínú ilé mi. Àlejò ni mo sọ ọ́. Ó wá, ó máa lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Ó ń hanrun. Ọlọ́run ò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

Àrá àkọ́kọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ojú ọ̀run kàn ṣú ni o, kò tíì sán, Àlejò ti ń gbọ̀n. Ó ń mí gúlegúle, itọ́ ń kán sílẹ̀. Ìgbà tó wá sán, mo wẹ̀yìn, mi ò rí ajá mọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù mi ló wà. Ó ti fa ẹ̀wù mi mẹ́ta bolẹ̀, ó ki orí sábẹ́ wọn. Mo fà á, kò jáde. Mo bú u, mo bú u dáadáa, ó wá tọ̀ sínú bàtà ìmúròde mi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Igbe rẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Bàbá Òkè — ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ló ń gbé ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lókè mi — fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Bó ṣe máa ń lu tábìlì fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ náà nìyẹn, mo rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Obìnrin kékeré kan, ẹ̀rín ló máa ń kọ́kọ́ rín kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní bíbú tí mo bú u, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣì í: ajá tí ẹ̀rù ń bà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní bí ó bá sá tọ̀ mí wá kí n gbà á mọ́ra, kò ní bà á jẹ́.

Ó wá ka ètò fún mi, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n àwọn kọ́sítọ́mà sí. Kí n ní igun kan tó ṣókùnkùn fún un, kí n sì má fà á jáde níbẹ̀. Kí n rán ẹ̀wù tó máa fún mọ́ ọn láyà díẹ̀, torí ó máa ń dà bí ìgbà téèyàn bá dì í mọ́ra. Kí n wá ohùn àrá sórí fóònù, kí n máa gbé e sí i fún un, kó kéré débi pé kò ní bìkítà, kí n sì máa fún un ní oúnjẹ tó fẹ́ràn jù bó bá ṣe ń dún. Lójoojúmọ́, kí ohùn náà máa fi díẹ̀díẹ̀ ga. Kí n má kánjú.

Ẹ̀dọ̀ màlúù bíbọ̀ ló fẹ́ràn jù. Ojú ẹ̀ ò fọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Mo wọn Àlejò. Àyà, ọrùn, gígùn ẹ̀yìn. Ó dúró jẹ́ẹ́. Ó sàn ju Madam Kí-Ló-Dé-Tó-Fún lọ, ẹni tó jẹ́ pé bí mo bá ti nà téèpù, á fa ikùn wọlé, á mú èémí dúró, tó bá wá dọjọ́ tó fẹ́ gba aṣọ, á ní kí ló dé tó fún.

Aṣọ búlúù kan tó ń fà ni mo lò. Bọ́tìnì mẹ́rin lábẹ́ ikùn. Mo fi kọ́là sí i. Kò pọn dandan, ṣùgbọ́n orúkọ mi ló wà lára iṣẹ́ tó bá tọwọ́ mi jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Ẹ gbà mí. Mi ò mọ̀ pé sípíkà tí ọmọ mi rà fún mi ṣì so mọ́ fóònù. Mo tẹ àrá, ilé mì. Àlejò wọ kọ́bọ́ọ̀dù tòun ti kọ́là. Lókè mo gbọ́ ẹsẹ̀ Bàbá Òkè, gìrì gìrì gìrì, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ká gbogbo aṣọ tó sá sórí okùn, ó kó wọn wọlé, mo gbọ́ tó ń ti fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Oòrùn ń ràn yòò. Nígbà tó ṣe, ó tún jáde, ó dúró, ó ń wo òkè. Ó dúró pẹ́. Mi ò yọjú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Láìsí sípíkà. Ohùn kékeré, bí ìgbà tí ẹnìkan bá ń fa àga ní ilé kejì.

Ṣùgbọ́n mi ò lè jókòó lásán ti ajá. Ọgbọ̀n ọdún nídìí maṣíìnì, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀, gáùn Madam Kí-Ló-Dé-Tó-Fún ò tíì ní apá. Mo wá dá ọgbọ́n kan: mo tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì sábẹ́ tábìlì maṣíìnì, mo ti Àlejò síbẹ̀, mo gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀wú. Ọwọ́ ọ̀tún ń darí aṣọ, tòsì ń ju ẹ̀dọ̀ sísàlẹ̀. Àrá ń dún, maṣíìnì ń dún, ó ń jẹun. Iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ẹ̀dọ̀ ta sí gáùn Madam. Mo fi omi tútù yọ ọ́. Kò ní mọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ogúnjọ́ oṣù kẹfà

Fóònù ti dé ìdajì. Àlejò ò mira. Bàbá Òkè ló ń mira: ó ti kó aṣọ wọlé ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀ yìí. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ fún un. Ẹnu ló ń wúwo.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

Àrá gidi! Ní ọ̀sán gangan, mo wà nídìí iṣẹ́. Mo ní ó tán, ó máa di kọ́bọ́ọ̀dù. Mo tẹ maṣíìnì lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ wo sábẹ́ tábìlì. Ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń wò mí bí ẹni pé ẹ̀dọ̀ dà.

Mo pe ọmọ mi, mo fọ́nnu. Mo ní ọ̀sẹ̀ méjì péré, mo ti yanjú ẹ̀. Mo ní bóyá kí n fi aṣọ rírán sílẹ̀ kí n máa kọ́ ajá. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo gba gbogbo ẹnu tí mo fọ́n padà.

Aago mẹ́ta. Madam Kí-Ló-Dé-Tó-Fún wá dán gáùn wò. Àrá ń sán, Àlejò wà lábẹ́ tábìlì, mo ń fi í hàn án, mo ń rán etí aṣọ kan lọ, mo ní ẹ wò ó bó ṣe jókòó. Iná lọ. Maṣíìnì dákẹ́.

Ajá náà fò sókè pẹ̀lú tábìlì lórí. Ó ré kọjá lórí àga, ó gba abẹ́ gáùn Madam, gáùn tó wà lára Madam o, ó sì ń wá ibi tó máa gbà jáde. Madam ń yí po, ajá ń yí po, mo ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Apá òsì já kúrò lára gáùn. Ó ki orí síbẹ̀, orí wọlé, ó wá gbé apá aṣọ wọ kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Bàbá Òkè ń lu ilẹ̀.

Madam jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra ní òun ti rò tẹ́lẹ̀ pé apá yẹn máa fún òun.

Òjò ń rọ̀, ilé ṣú, ajá ń pohùn réré. Mi ò mọ ohun tó sún mi: mo jókòó, mo fi ọwọ́ yí wíìlì maṣíìnì. Tákátáká, díẹ̀díẹ̀, láìsí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ó dákẹ́. Ó jáde wá pẹ̀lú apá aṣọ lọ́rùn, ó dùbúlẹ̀ sí ẹsẹ̀ mi. Mo dáwọ́ dúró, ó dìde. Mo yí i, ó dùbúlẹ̀. Mo yí nǹkan yẹn fún wákàtí kan gbáko. Èjìká mi ò jẹ́ tèmi mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ jígí ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò kọ́ ọ pé àrá ò léwu, Mà. Ohun tẹ́ ẹ kọ́ ọ ni pé maṣíìnì ló ń gbà á lọ́wọ́ àrá."

Ó kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, ó ní, kí n pa maṣíìnì, kí n sì jókòó lásán. Mo ní kí n máa ṣe kí ni. Ó ní kí n máà ṣe nǹkan kan. Kò mọ ohun tó ń bẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Bí a ṣe ń bọ̀ wálé mo rò nípa ẹ̀wọ̀n yẹn. Mo wo ọrùn ajá yìí. Inú bí mi sí ẹlẹ́dìẹ tí mi ò rí rí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Ogún ìṣẹ́jú lórí ẹní. Èmi, ajá, fóònù, abọ́ ẹ̀dọ̀. Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ kó ọwọ́ mi sí. Mo gbé e sórí itan, mo ká a, mo tún un ká. Ìgbẹ̀yìn mo gbé e lé e lọ́rùn. Onírun múlọ́múlọ́. Ó ju aṣọ àrán lọ, òótọ́ sì ni mo sọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejì oṣù keje

Bàbá Òkè sọ̀ kalẹ̀ wá. Ó wọ ẹ̀wù tó ní kọ́là, ó ní òun wá fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ mí: ṣé èmi náà ń gbọ́ àrá tí kò sí òjò nídìí ẹ̀, àbí etí òun ni. Ó ti lọ rí dókítà etí. Dókítà etí!

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wo Àlejò, ó wo fóònù, ó ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni òun kó aṣọ wọlé. Ó kà á. Mo tọrọ àforíjì, ó ní kò sí nǹkan, ó ní láti òní lọ òun ò ní mira mọ́. Ó fọwọ́ kan Àlejò lórí ní ìka méjì, ó gòkè lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin

Òjò gidi, àrá gidi. Mo pa maṣíìnì, mo jókòó sórí ẹní. Ó lọ sí igun rẹ̀, ó ń gbọ̀n. Mi ò fà á. Nígbà tó yá ó yọ imú, ó wọ́ wá, ó gbé àgbọ̀n lé mi lẹ́sẹ̀. Ó ṣì ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ̀dọ̀.

Láti òkè, Bàbá Òkè ń ké sí mi pé kí n jọ̀ọ́ kí n dín in kù díẹ̀. Òjò ń dà sí ẹ̀yìnkùlé, ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀ mẹ́fà wà lórí okùn. Ìgbà tí mo fi máa pariwo pé kì í ṣe èmi, omi ti ń kán lára wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ keje

Ogójì ìṣẹ́jú. Mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ báyìí, torí pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ń rẹ̀ mí. Mo sọ fún un nípa bàbá ọmọ mi, pé ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tó ti kú, pé láti ìgbà yẹn mi ò tíì jókòó láìní aṣọ lọ́wọ́, àfi lórí ìjókòó ìgbéyàwó ọmọ mi, níbi tí mo tún ti ń wo bí wọ́n ṣe rán ẹ̀yìn aṣọ ẹni tó wà níwájú. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Mélòó nínú àwọn ẹbí mi ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlá

Àrá sán lẹ́ẹ̀mẹfà. Ó yán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó tún sán lónìí. Mo wà ní ilé ìdáná. Akínkanjú — ẹ wò ó, mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ — ń sáré kiri ilé pẹ̀lú ìrù lókè, ó ń wá mi. Ó rí mi, ó fi imú tì mí nítan títí mo fi lọ jókòó sórí ẹní. Inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ ń dùn sí àrá!

Ó yẹ kí n fò fáyọ̀. Mo ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi. Wọn ò ní fi ẹ̀wọ̀n sí i lọ́rùn. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀.

Kí n kọ ọ́ síbí torí kò sẹ́ni tó máa kà á: mo ti ń ro irọ́ tí mo fẹ́ pa. Kí n ní ó kù díẹ̀. Kí n ní kí wọ́n fún mi lóṣù kan sí i. Kí n ní dókítà ló sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kò tíì dáa, ṣé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹlẹ́dìẹ ni wọ́n máa gbé e lọ tààrà? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á gbé e. Ajá ọmọ mi sì ni. Ọmọ mi ló tọ́ ọ láti kékeré, ó fi ìgò fún un ní wàrà. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mo fọ ẹ̀wù búlúù rẹ̀. Mo tún bọ́tìnì kan rán tí kò já.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún

Wọ́n dé ní ọ̀sán. Akínkanjú rí ọmọ mi, ó fò mọ́ ọn, ó fi ahọ́n nu gbogbo ojú rẹ̀. Mo yíjú sí ibòmíràn.

Bí a ṣe jókòó tí à ń mu tíì ni ó ṣú. Ọmọ mi gbé ife sílẹ̀. Àrá àkọ́kọ́ sán, fèrèsé gbọ̀n. Ọkọ Ìyàwó ló kígbe. Akínkanjú kàn dìde, ó na ara, ó wá jókòó tì mí lẹ́sẹ̀, ó ń wo ọwọ́ mi. Mo fún un ní ẹ̀dọ̀. Ó sán lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀ẹ̀kẹta. Ó dùbúlẹ̀. Ọmọ mi dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ní òun mọ̀ pé mo lè ṣe é. Ọkọ Ìyàwó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé kó wá ajá mìíràn.

Ọmọ mi wò mí. Ó ní, "Màámi, ṣé kò sí nǹkan o?" Mo ní kò sí. Mo ní mo ti ní ilé mi padà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo kọ gbogbo ètò náà fún un sórí bébà, mo di ẹ̀dọ̀ tó kù sínú ọ̀rá. Akínkanjú wọ mọ́tò, ó wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó rò pé èmi náà ń bọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Bàbá Òkè dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ilé máa pa rọ́rọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà.

Ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù keje

Mo bọ ẹ̀dọ̀. Mo gbàgbé pé ó ti lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọmọ mi pè ní aago méjì. Mo gbọ́ àrá lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Mo ní ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni? Ṣé ó ń gé ilẹ̀kùn?

Ó ní rárá. Ó ní kò bẹ̀rù rárá, onílé pàápàá ti wá wò ó, ó yìn ín. "Ṣùgbọ́n Màámi, kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà." Ó ní bí àrá àkọ́kọ́ ṣe sán ló sáré lọ jókòó síwájú ilẹ̀kùn, ó dojú kọ ọ́, ìrù ń gbá ilẹ̀. Òun mú ẹ̀dọ̀ lọ bá a, kò gbóòórùn rẹ̀. Òun jókòó tì í sílẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ sínú bébà, ó fi ahọ́n kan òun lọ́wọ́, ó tún kọjú sí ilẹ̀kùn. Lánàá náà, bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀yin ló ń retí."

Mo ti tún kọ́ ọ ní òdì. Mo rò pé mo kọ́ ọ pé àrá ò ṣe nǹkan. Èyí tó gbọ́ ni pé bí àrá bá ti ń sán, mo máa pa iṣẹ́ tì, mo máa wá jókòó tì í.

Mo ní kó gbé fóònù sí i létí. Mo ní mò ń bọ̀. Mo gbọ́ ìrù lára ilẹ̀kùn, gbà, gbà, gbà. Ọmọ mi gba fóònù padà, ó ní, Màámi, àrá máa dá kẹ́ ẹ tó dé. Mo ní mo mọ̀.

Mo pa maṣíìnì. Mo fi gáùn Madam sílẹ̀ bó ṣe wà, pẹ̀lú apá kan. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti ń kọ èyí, ó ń mì. Wákàtí méjì ni ọ̀nà. Ojú ọ̀run ti ń là níwájú. Mi ò sọ̀ kalẹ̀.